Ilé ìwé aládàáni ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fún ọmọ CM2 àti ọmọ CI: kí ni kí a wò kí a tó sanwó?

Ìyá Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ ló ń gbé wa bọ̀ láti Kétu. Oṣù Kẹjọ la máa kó dé, ilé tí a gbà wà lápá Ouando, lójú ọ̀nà Adjarra. Ọmọ méjì ló wà nílẹ̀: ẹ̀gbọ́n ń wọ CM2, ọdún kẹfà tó parí primaire (alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀), àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ CI, ọdún kìíní, kò lọ maternelle (jẹ́lé-ó-sinmi) rárá. Ilé ìwé ìjọba ni ẹ̀gbọ́n ń lọ níbí. Èmi àti bàbá wọn ò ní sí nílé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń wá aládàáni, kí ọmọ má baà máa rìn kiri lọ́sàn-án.

Mo ní ọjọ́ méjì lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n tó gba ìsinmi, tí mo lè fi wá yí ká. Àwọn tí mo rí lójú títì, gbogbo wọn ló kọ "100% au CEP" sára ògiri, pé gbogbo ọmọ wọn ló yege CEP, ìdánwò àṣejáde primaire. Kí lèèyàn ń wò láti mọ èyí tó dáa lóòótọ́? Ìwé wo ni kí n gbà kúrò ní Kétu? Èló ló sì ń jáde lápò gan-an, yàtọ̀ sí iye tí wọ́n kọ sórí pépà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ilé ìwé fún mi. Bí wọ́n ṣe ń yàn án ni mo fẹ́ mọ̀.

Mẹ̀tírì Tokpota

Ẹ káàbọ̀, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, torí CM2 ni kíláàsì tí àṣìṣe ẹyọ kan lè gba odidi ọdún lọ́wọ́ ọmọ.

Ilé ìwé aládàáni gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ MEMP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó maternelle àti primaire. Àṣẹ maternelle yàtọ̀, ti primaire yàtọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń mú òbí nìyí: ilé ìwé á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú maternelle, á gba àṣẹ ìyẹn, á wá máa fi kíláàsì kan kún un lọ́dọọdún, CI, CP, CE1, títí yóò fi dé CM2, láì padà lọ gba ìwé tó kù. Nọ́ńbà àṣẹ á wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà lóòótọ́, ti maternelle ni. Nítorí náà ẹ má wulẹ̀ béèrè pé "ṣé ẹ ní àṣẹ?" Kò sí ẹni tó máa sọ pé òun ò ní. Ẹ ní kí dìrẹ́tọ̀ mú ẹ̀dà arrêté, ìyẹn ìwé àṣẹ náà, tó kan primaire jáde, kí ẹ fi ojú ara yín ka orúkọ ilé ìwé àti àdúgbò tó wà lórí rẹ̀, torí ilé ìwé míì ti kó kúrò níbi tí wọ́n ti gba àṣẹ náà fún un. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ilé ìwé primaire ní àdúgbò yẹn, tàbí sí direction départementale ti Ouémé. Àárọ̀ kan tó fún un.

Kí ló wá kan CM2 nínú èyí? Ilé ìwé tí kò ní àṣẹ kò lè fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ fún CEP ní orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n á kó àwọn ọmọ náà fún ilé ìwé míì tó ní àṣẹ, ìyẹn ni yóò kọ wọ́n mọ́ tirẹ̀. Bí àárín àwọn ọ̀gá méjèèjì bá dàrú, tàbí tí owó ò bá délẹ̀ lásìkò, orúkọ ọmọ ni ò ní jáde. Ìbéèrè kan ló ń tú gbogbo rẹ̀ síta: "Orúkọ ilé ìwé wo ló máa wà lórí ìwé CEP ọmọ mi?" Bí ìdáhùn bá gùn ju gbólóhùn kan lọ, ẹ dìde, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ.

"100%" yẹn lè jẹ́ òótọ́, kó má sì sọ nǹkan kan fún yín. Bí ọmọ 8 bá lọ tí ọmọ 8 yege, 100% ni. Ẹ béèrè iye ọmọ tó wà ní CM1 lọ́dún tó kọjá, kí ẹ wá béèrè mélòó nínú wọn ló ń lọ ṣe CEP lọ́dún yìí. Bí 30 bá wà ní CM1 tó jẹ́ pé 14 ló ń lọ jókòó ìdánwò, wọ́n ti yọ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò ranlẹ̀ kúrò nìyẹn; wọ́n ní kí àwọn kan tún CM1 ṣe, wọ́n ní kí àwọn kan wábi gbà. Ilé ìwé tí 26 yege nínú 28 láì lé ẹnikẹ́ni mọ iṣẹ́ ju tọ̀hún lọ, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè kọ ìyẹn sára ògiri kó wu ojú.

Kàyé ọmọ, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí, ni kí ẹ fi àkókò sí jù lọ. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wo kàyé ọmọ mẹ́ta nínú kíláàsì kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá bá yín yàn án. Ẹ fi ìka tọ́ka sí tábìlì tí ẹ fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà lókè ojú ìwé, ṣé ó tẹ̀ léra, àbí ó ti ọjọ́ 4 fò dé ọjọ́ 19. Lẹ́yìn náà ni bíkì pupa. Bí "Vu" (mo ti rí i) nìkan ló wà nísàlẹ̀ ojú ìwé tí àṣìṣe sì kún òkè rẹ̀, olùkọ́ ò kà á, ó kàn fà á lọ ni. Ẹ wá fi kàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí iṣẹ́ ìṣirò inú wọn bá jọra délẹ̀, títí kan ibi tó ti ṣì, ara pátákó ni gbogbo wọn ti dà á kọ. Kàyé dáadáa máa ń yàtọ̀ síra: ẹni kan gbà á, ẹni kan ṣì í, a sì rí àtúnṣe tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún béèrè kàyé EST (sáyẹ́ǹsì) àti ES (ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ). Ilé ìwé tó ń sáré tẹ̀ lé Faransé àti ìṣirò nìkan máa ń fo àwọn yẹn, CEP ò sì ní fò wọ́n.

Ó ku olùkọ́ fúnra rẹ̀. CEAP ni ìwé ẹ̀rí ìpìlẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, CAP ló ga jù ú lọ. Aládàáni púpọ̀ ń gba ẹni tó ní BAC (ìwé ẹ̀rí girama) nìkan, torí owó oṣù rẹ̀ fúyẹ́. Mi ò ní kí ẹ kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní CE1, bí dìrẹ́tọ̀ bá ń wọ kíláàsì rẹ̀ lọ wò ó déédéé. Ní CM2, rárá. Ẹ béèrè ọdún mélòó tí olùkọ́ náà ti mú ọmọ lọ sí CEP nínú ilé ìwé yẹn, àti ta ni yóò gba kíláàsì bí ìjọba bá pè é sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọdún, torí ó ń ṣẹlẹ̀.

Akápò APE

Ẹ kú làálàá, Mẹ̀tírì. Ẹ jẹ́ kí n gba ti owó.

Écolage, owó ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sórí pépà. Àwọn tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́, tàbí tí wọn ò kọ rárá, ni kí ẹ mú bíkì dání fún. Owó inscription, ti ìforúkọsílẹ̀, kọ́kọ́ wà. Wọn kì í dá a padà bí ọmọ ò tiẹ̀ wá mọ́. Aṣọ ilé ìwé: orí mélòó, ṣé ọ̀dọ̀ wọn la ti gbọ́dọ̀ rà á ní rírán, àbí a lè ra aṣọ ká gbé e fún télọ̀ tiwa? Aṣọ eré ìdárayá. Owó APE, ẹgbẹ́ òbí. Owó ìwé ìdánwò tí wọ́n ń tẹ̀. Owó ìwé CEP fún ẹ̀gbọ́n. Owó ọdún ìparí. Bí akọ̀wé bá ní "ìyẹn ò tó nǹkan, a máa sọ fún yín tó bá yá," ẹ kọ òun náà sílẹ̀, kí ẹ fi àmì ìbéèrè síwájú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún renforcement CM2, ẹ̀kọ́ àfikún. Wọ́n lè ní kò pọn dandan, tó bá wá di oṣù Kìíní, ẹ ó gbọ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti parí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ọjọ́ wo ni, wákàtí mélòó, ta ló ń kọ́ ọ, èló lóṣù? Bó bá jẹ́ olùkọ́ kan náà ló ń gba owó rẹ̀ sápò ara rẹ̀, ẹ bi àwọn òbí míì bó ṣe ń ṣe sí ọmọ tí kò san.

Ìyá wa ò mẹ́nu ba ọ̀sán dáadáa, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni owó ti ń jò jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, aago 8 ni wọ́n ń wọlé, wọ́n á jáde ní aago 12, wọ́n á padà ní aago 3. Ìrìn mẹ́rin lóòjọ́ nìyẹn, kì í ṣe méjì. Ẹ jẹ́ ká fi iye àpẹẹrẹ ṣe é: bí zém (ọ̀kadà) bá ń gba 300 fáránkì fún àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, 1.200 ni lóòjọ́. Ọjọ́ 20 lóṣù, 24.000. Oṣù 9, 216.000. Écolage ọmọ kan lè má tó ìyẹn nílé ìwé míì. Bí wọ́n bá jẹun nílé ìwé ní 300 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, 600 lóúnjẹ, 600 ni zém fún ìrìn méjì, ó di 1.200 kan náà, ọmọ ti yó, ẹ ò sì se oúnjẹ sílẹ̀. Ẹ fi iye gidi tí wọ́n bá sọ fún yín rọ́pò tèmi, kí ẹ tún un ṣe fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Ilé ìwé tó gbówó lórí tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé lè má ná yín tó èyí tó pọ́ọ́kú lódìkejì ìlú.

Àmọ́ cantine, oúnjẹ ilé ìwé, nìkan ò tó. Oúnjẹ ìṣẹ́jú 30 ni. Wákàtí méjì ààbọ̀ tó kù ńkọ́? Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣọ́ wọn, orúkọ ẹni náà, àti ibi tí wọ́n ń jókòó sí. Ilé ìwé míì wà tó jẹ́ pé olùkọ́ á lọ sílé sùn, ẹni tó se oúnjẹ á kó ìkòkò rẹ̀ lọ, ó ku ọmọ 40 pẹ̀lú ọdẹ ẹnu géètì.

Bí ẹ bá fẹ́ san, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹ̀dínwó ọmọ kejì, torí lẹ́yìn owó kò sí ẹni tó máa rántí rẹ̀. Sísan díẹ̀díẹ̀ wọ́pọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún níbi púpọ̀. Ẹ gba ọjọ́ rẹ̀ ní kíkọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi MoMo ránṣẹ́, orúkọ ilé ìwé ló yẹ kó jáde lójú fóònù, kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Reçu (rìsíìtì) gbọ́dọ̀ ní orúkọ ọmọ, kíláàsì, iye tí ẹ san, iye tó kù, àti òǹtẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ti ìwé: ẹ gbà á kí ilé ìwé Kétu tó tì. Ọwọ́ dìrẹ́tọ̀ ni òǹtẹ̀ ń wà, bó bá ti gba ìsinmi lọ, ẹ ó dúró dè é di oṣù Kẹsàn-án. Certificat de scolarité (ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ń lọ ilé ìwé náà), bulletin (ìwé èsì) CM1 ti ọdún yìí pátá, ti CE2 náà bí ó bá wà, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, fọ́tò pélébé mẹ́fà, ìwé ìbí. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó ìwé ìbí kó tọ́jú rẹ̀. Ẹ fi hàn án, ẹ gbà á padà.

Kí ẹ wá fi bulletin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìbí, kí ẹ ka orúkọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Yorùbá tí wọ́n fi Faransé kọ ló ń fa wàhálà jù: Abiodoun níbì kan, Abiodun níbòmíràn, Adechina, Adéṣínà. Ìwé ìbí ni CEP ń tẹ̀ lé. Bí ìwé tí ANIP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé ìbí, fún yín bá ti ní àṣìṣe nínú, tàbí tí wọ́n kọ "né vers" (nǹkan bí ọdún báyìí) dípò ọjọ́ ìbí gan-an, ẹ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe nísinsìnyí, torí kì í yá. Ẹ mú NPI ọmọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, dání pẹ̀lú, wọ́n á béèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ fún ìdánwò.

Ìyá Kétu

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ ò ní rí ìbànújẹ́ ọmọ. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Àbúrò: Yorùbá nìkan ló gbọ́, Faransé rẹ̀ ò ju "bonjour" lọ. Ṣé ilé ìwé aládàáni máa gbà á ní CI, àbí wọ́n á dá a padà sí maternelle? Èkejì: ẹnì kan ní kí n mú àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwé bilingue (elédè méjì), pé Gẹ̀ẹ́sì lọ̀nà nítorí Nàìjíríà tó wà nítòsí.

Olùkọ́ CI

Ẹ kú ọmọ o. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò lọ maternelle, ipò rẹ̀ ni CI. Iṣẹ́ CI ni láti kọ́ ọ ní Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí ìṣòro wà, ọ̀pọ̀ ọmọ CI nílé ìwé aládàáni ló ti lo ọdún méjì ní maternelle níbẹ̀. Wọ́n ti mọ a, i, o, wọ́n ti ń kọ orúkọ wọn. Olùkọ́ á wo gbogbo wọn bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, á fo oṣù méjì àkọ́kọ́, ọmọ tuntun á wá jókòó bí ẹni tó wọ fíìmù nígbà tó ti dé ìdajì. Nítorí náà ẹ bi olùkọ́ CI fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá: "Ọmọ mélòó ló wà níbí tí kò lọ maternelle? Kí lẹ ń ṣe fún wọn ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá?" Bí ó bá ní kò sí ẹyọ kan, ẹ wá ibòmíràn, tàbí kí ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tó máa nílò olùkọ́ ilé títí di Kérésìmesì.

Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó sẹ́yìn CI fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ ka iye ọmọ tó dá ọ̀rọ̀ sọ. Bí gbogbo ìdáhùn bá jẹ́ igbe àpapọ̀, "oui maître!", ọmọ méje tó wà níwájú ló ń kọ́, àwọn tó kù ń ṣe ègbè. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọ kan kàwé fún yín, kì í ṣe ẹni tí olùkọ́ nàka sí fún yín. Bí ó bá kà á wàràwàrà, ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán, ẹ wá tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ojú ìwé. Ẹni tó há a sórí á wo ojú yín.

Kíláàsì CI tó bá ti kọjá 40 láìní olùkọ́ kejì tàbí olùrànlọ́wọ́, ó pọ̀ jù lójú tèmi. Àwọn ọmọ yìí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di kírẹ́yọ́ọ̀nù mú. Olùkọ́ ní láti bá wọn di í mú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti èdè: ẹ wò ó bóyá wọ́n ń lo signal, igi tàbí eegun tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ Yorùbá tàbí Gùn. Ibì kan ṣì ń ṣe é, wọ́n sì fi ń yangàn pé ọmọ àwọn ń sọ Faransé. Ohun tó ń ṣe fún ọmọ tí kò gbọ́ Faransé ni pé kò ní sọ̀rọ̀ rárá, ìyá rẹ̀ á wá gbọ́ pé "ó ń tijú". Láàárín wákàtí ìsinmi ni kí ẹ lọ wò ó. Yorùbá ò ní ṣàjèjì létí yín nínú àgbàlá, ìlú tó ń sọ ọ́ pọ̀ pẹ̀lú Gùn ni, ó sì ń ran ọmọ lọ́wọ́ kí ó rí ọ̀rẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Pàṣán ńkọ́? Òfin tó ń dáàbò bo ọmọdé, Code de l'enfant ti ọdún 2015, kò fàyè gba nínà nílé ìwé. Ẹ má bi wọ́n. Ẹ wo orí tábìlì olùkọ́ àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Kí ẹ sì wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọmọ, fúnra yín, lẹ́yìn ìsinmi aago 10. Ṣé ti ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin? Ṣé omi wà, ọṣẹ ńkọ́? Ṣé ọmọ kékeré lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú, kó sì ṣí i? Ọmọ obìnrin tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń lé sẹ́yìn á máa mú un mọ́ra títí dé ilé, inú á máa rùn ún, ẹ ó máa ra oògùn aràn.

Mẹ̀tírì Tokpota

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti bilingue. Ọ̀rọ̀ yẹn bo nǹkan méjì mọ́ra. Ọ̀kan ni ilé ìwé tó ń tẹ̀ lé ètò ẹ̀kọ́ Bẹ̀nẹ̀ǹ, CI dé CM2, tó kàn fi wákàtí Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀. Kò burú. Èkejì ń tẹ̀ lé ètò Nàìjíríà, Primary 1 dé 6, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ohun gbogbo, kò sì mú ọmọ dé CEP. Láti wọ 6ème, kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama, níbí, CEP ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ tó ti kọ́ ọdún márùn-ún ní Faransé kò lè lọ parí ọdún kẹfà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Fún àbúrò, ìyẹn lè ṣe é bí ẹ bá mọ̀ dájú pé Nàìjíríà ló ti máa ṣe girama. Bí ẹ ò bá mọ̀, ẹ má ṣe é. Kàyé ló máa sọ irú èyí tó jẹ́, kì í ṣe pátákó: ẹ wo èdè tí wọ́n fi kọ ìṣirò.

Franco-arabe náà rí bẹ́ẹ̀, wọ́n pọ̀ nílùú wa. Ẹ béèrè wákàtí mélòó ni Lárúbáwá ń gbà lọ́sẹ̀, ṣé inú àkókò Faransé ni wọ́n ti yọ ọ́ ni àbí ọjọ́ mìíràn ni. Àwọn kan ń ṣe méjèèjì dáadáa, àwọn ọmọ wọn sì ń yege CEP bí ti ẹlòmíràn.

Ohun kan tí mo gbàgbé: ẹ jẹ́ kí wọ́n dán ẹ̀gbọ́n wò kí ẹ tó san inscription. Kí wọ́n fún un ní dictée (àpèkọ) kan àti problème (ìbéèrè ìṣirò) méjì ti CM1, kí ẹ gba ìwé náà pẹ̀lú máàkì lórí 20. Bí wọ́n bá fẹ́ dá a padà sí CM1, ẹ ó ti rí ìdí rẹ̀, ẹ ó sì lè gbé e lọ fi han olùkọ́ rẹ̀ ní Kétu. Ilé ìwé tó gba ọmọ CM2 láì dán an wò ń wá owó inscription ni, wọ́n lè wá sọ fún yín ní oṣù Kejì pé kò tíì tó CEP ṣe.

Ará Djassin

Kí n fi kékeré kún un. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òjò kì í rọ̀ l'Ájàṣẹ́. Oṣù tó ń bọ̀ tí ìyá fẹ́ wá, òjò ló máa bá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ yí ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè kí ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tó ti títì wọ ilé ìwé. Bí omi bá dúró níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà, yóò tún dúró ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, zém ò sì ní gbà láti wọ inú rẹ̀ ní iye tí ẹ bá a dúnàádúrà. Ẹ wo ara ògiri kíláàsì nísàlẹ̀, ìlà ẹrẹ̀ máa ń fi ibi tí omi dé hàn, àyàfi bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún. Òrùlé páànù tí kò ní àjà: bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ̀kọ́ títí yóò fi dá, torí ohùn olùkọ́ ò ní borí rẹ̀.

Nípa Ouando, mi ò fara mọ́ kí ọmọ CM2 mú àbúrò dání kọjá oríta yẹn láàárọ̀, bó ti wù kí ilé ìwé súnmọ́ tó. Ọkọ̀ ńlá, zém, ẹlẹ́rù ọjà, gbogbo wọn ló ń yà níbẹ̀. Ẹ wá ilé ìwé lódì kan náà tí ilé yín wà.

Akápò APE

Òótọ́ lẹ sọ, Ará Djassin.

Ìyá Kétu, bí ọjọ́ méjì náà bá kéré, ẹ fi àárọ̀ wo kàyé àti CI, kí ẹ wà lẹ́nu géètì ní aago 12 ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ra nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀, bonne dame, kí ẹ jókòó tì í. Ó mọ olùkọ́ tó ń pẹ́ dé, ó mọ èyí tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láàárín ọdún, ó sì mọ ọmọ tó ń dúró dìgbà tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí wọ́n tó wá mú un. Ẹ kàn bi í pé àwọn ọmọ ibí yìí ńkọ́, kí ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ìyá Kétu

Ẹ ṣé o. Mo ti bá dìrẹ́tọ̀ Kétu sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, ó ní kí n wá gba certificat lọ́jọ́ Ẹtì. Mo wo ìwé ìbí ẹ̀gbọ́n náà: "Adechina" ló wà níbẹ̀, "Adesina" ló wà lórí bulletin.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ mú ìwé ìbí náà dání lọ́jọ́ Ẹtì. Ara bulletin ni kí dìrẹ́tọ̀ tún un ṣe sí, kó fọwọ́ sí i, kó lu òǹtẹ̀ lé àtúnṣe náà gan-an, kí ó sì kọ certificat tuntun bí ìwé ìbí ṣe kọ ọ́. Ẹ kà á tán níwájú rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì.